Koríko Hù Níbi Tí Bàbá Mi Ń Da Ọ́ìlì Sí

Bí wọ́n ṣe kírun àsùbá tán ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa n'Ìbàdàn ni mo gbé ẹrù mi síta. Aṣọ kò pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó gba àyè jù ni kúlà kan tí mo kó yìnyín sí, àwọn ìgò oníke tó ní ọmọrí, ṣíbí onírin tí mo ti sè nínú omi gbígbóná, àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo kúlà náà.

Ó ní, "Àwọn èèyàn a máa ra búrẹ́dì lọ fún ìyá wọn. Ìwọ ń lọ bu yẹ̀pẹ̀ lọ́dọ̀ tìrẹ."

Mo ní mo ti ra búrẹ́dì náà, abẹ́ kúlà ló wà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi kí ọ̀nà tó jìn. Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ń gbé inú ilẹ̀ ni à ń wá kiri. Bakitéríà ni wọ́n ń pè wọ́n. Èyí tó ń fa àìsàn nínú wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tó jẹ́ májèlé fún wa, oúnjẹ ni fún wọn: pẹtiróòlù, oògùn apakòkòrò, ọ́ìlì ọkọ̀. Kí a tó lè mọ èyí tó lè jẹ kí ni, a ní láti ka àbùdá wọn. Nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí Ọlọ́run kọ ìṣe rẹ̀ sí. Ohun tó wà lára okùn náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni à ń pè ní jínómù. Ẹ̀rọ wa a máa kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á wá bá wa tọ́ka sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé ẹni yìí lè gé ọ́ìlì sí wẹ́wẹ́.

Ohun tó gbé mi dìde ni pé màámi pè mí lórí fóònù láti Ẹ̀jìgbò. Lẹ́yìn tí a kíra tán, wọ́n ní, "Mulikátù, koríko ti hù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá yín o."

Mo bi wọ́n pé irú koríko wo.

"Koríko náà ni. Ó tutù yọ̀yọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ń ṣe mí ni, mo bá bẹ̀rẹ̀ mo fọwọ́ kàn án."

Ẹni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù náà ló lè mọ ìdí tí ara mi fi bù máṣọ. Mẹkáníìkì ni bàbá mi. Láti kékeré mi ni mo ti mọ ilẹ̀ ibẹ̀ ní dúdú, tó ń dán bí awọ bàtà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Gbogbo ọ́ìlì tí wọ́n bá tú nínú ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Bó ṣe rí níbi gbogbo nígbà náà nìyẹn, kò sí ẹni tó rò ó sí nǹkankan. Bí a bá ti iléèwé dé, a ó gba ibẹ̀ kọjá, àtẹ́lẹsẹ̀ wa á dúdú, màámi á sì máa fi kànìnkànìn àti kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ fún wa lójúde. Kò sí ewé kan tó hù níbẹ̀ rí. Ọ́ìlì yẹn pọ̀ débi pé bí òjò bá rọ̀, adágún omi tó bá wà níbẹ̀ á ní àwọ̀ bí òṣùmàrè, àwa ọmọdé á sì yí i ká, a ó máa fi igi rò ó. Bàbá mi ti kú lọ́jọ́ tó pẹ́, wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Koríko wá hù. Nǹkan kan ti ní láti jẹ nínú ọ́ìlì yẹn kí gbòǹgbò tó lè ráyè.

Ní gáréèjì Ìwó Road, owó ọkọ̀ dé Ẹ̀jìgbò ti di ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, mo sì rántí ìgbà tí a ń fi owó tí kò tó bẹ́ẹ̀ lọ tí a tún ń fi í bọ̀. Awakọ̀ wa, ọkùnrin kan tó fi láwàní di ẹ̀rẹ̀kẹ́ nítorí eyín tó ń dùn ún, ní òun ò ní gba ọ̀nà Ìwó nítorí kòtò. Ọ̀nà Gbọ̀ngán ló gbà. Ìyẹn kò bí mi nínú, torí òun ni ọ̀nà tí bàbá mi máa ń gbà bí wọ́n bá mú mi lọ ra pááàtì ọkọ̀ n'Ìbàdàn.

Ilẹ̀ mọ́ sí wa lójú ní afárá Àṣejíre. Àwọn obìnrin ti to ẹja yíyan sórí tábìlì, èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀. Ní Ìkirè, mo ra dòdò tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ṣe, tó dúdú, tó dùn, tí ata rẹ̀ sì ń ta ni létè. Ewé ni wọ́n ń pọ́n ọn sí láyé ìjọ́sí. Ọ̀rá ni wọ́n fi dì í fún mi lónìí. Adùn rẹ̀ kò yí padà. Mo jẹ ẹ́ títí a fi yà ní Gbọ̀ngán, tí a gba Òde-Òmu jáde sí Àkódà, tí a sì wọ Ẹdẹ.

Láti Ẹdẹ lọ, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ igi. Ní Ara, àwọn èèyàn ń gbé ẹ̀gẹ́ sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì nínú apẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ oko wọn pupa fòò lẹ́yìn wọn. Awakọ̀ rí mi tí mo na ọrùn.

Ó ní, "Ọmọ ibí ni yín, màmá?"

Mo ní, "Ẹ̀jìgbò."

"Ẹ̀jìgbò ti ibí àbí ti Àbíjàn?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ ìdí ìbéèrè náà. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé kan tí kò ní èèyàn ní Àbíjàn. Bí o bá wọ Ẹ̀jìgbò, wàá gbọ́ Faransé lẹ́nu ẹni tó ń ta ọṣẹ, wàá sì rí àtíẹ́kẹ́ níbi tí ìlú mìíràn ti ń ta ẹ̀bà. Ẹ̀gẹ́ tí a rin, tí a kò yan bíi gààrí, tí a fi ooru sè ni àtíẹ́kẹ́. Ẹja díndín, àlùbọ́sà àti ata tútù ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. N'Ìbàdàn, bí mo bá ṣe é fún àwọn ọmọ mi, wọ́n á béèrè pé kí ló dé tí gààrí kò jinná.

Màámi ti gbé àga síta kí n tó dé. Mo kúnlẹ̀, wọ́n kì mí ní Àṣàkẹ́, wọ́n fọwọ́ pa orí mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n gba búrẹ́dì, wọ́n wo kúlà, wọn ò béèrè. Wọ́n kàn ní, "Kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ná. Bàbá Àbíjàn ń dúró dè ọ́."

Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Àbíjàn. Ràṣídì ni orúkọ wọn. Wọ́n ta aṣọ ní Àbíjàn fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó padà wálé. Àwọn ni wọ́n jogún ìtọ́jú ilẹ̀ náà. Mo bá wọn lójúde ṣọ́ọ̀bù nínú jalamíà funfun.

Wọ́n ní, "Bọ́nárífée, ọmọ mi." Ẹ kú àbọ̀ ni wọ́n ń fi Faransé sọ yẹn.

Ilẹ̀ dúdú ti lọ. Katapílà ti ha á kúrò pátápátá, ó ku kòtò pupa tí wọ́n ti to bíríkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù ìtajà síbẹ̀. Mo wá ibi tí bàbá mi máa ń tẹ́ ẹní sí bí wọ́n bá fẹ́ kírun àsárì, n ò rí i. Mo wá ibi tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó sí lórí táyà, n ò rí ìyẹn náà.

"Má fajú ro," ni Bàbá Àbíjàn wí. "Wo ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ gbé àpótí, wọ́n lọ jókòó síwájú katapílà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń bọ̀ wá wo koríko, kí ó tẹ àwọn kọjá bó bá lè ṣe é."

Lóòótọ́, igun kan kù lábẹ́ igi ọdán, kò ju ìtẹ́ ẹní lọ, koríko sì wà lórí rẹ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo kúnlẹ̀. Mo fi ṣíbí gbẹ́ abẹ́ gbòǹgbò, mo bu ilẹ̀ sínú ìgò, mo tún bu ti ẹ̀gbẹ́ kan tí koríko kò tíì dé, kí n lè fi wọ́n wé ara wọn. Nígbà tí mo gbé ìgò sún mọ́ imú, òórùn bàbá mi ló jáde. Kì í ṣe ti aṣọ Jímọ̀ wọn o, ti aṣọ iṣẹ́ wọn ni, tó máa ń rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo dé e.

Lẹ́yìn náà ni mo béèrè ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè. "Bàbá, ibo ni wọ́n da ilẹ̀ tó kù sí?"

Ojú wọn tàn. "Mo fi ta Bàbá Wàsíù lọ́rẹ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ, tó ń gbin iṣu. Tipa kó o lọ fún wọn lánàá. Ilẹ̀ dúdú báyẹn, iṣu á ta níbẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kì í ṣe ọ̀rá ilẹ̀ ló sọ ọ́ di dúdú. Ọ́ìlì ni. Òjé inú bátìrì náà wà níbẹ̀, àti irin tó jẹ nínú ẹ́ńjìnnì. Iṣu tí wọ́n bá gbìn sínú rẹ̀ kò ṣeé jẹ."

"Ṣebí koríko hù níbẹ̀."

"Nínú igun kékeré yẹn, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Ilẹ̀ tí wọ́n kó lọ, àárín ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ha púpọ̀ rẹ̀, níbi tó ti nípọn jù."

Wọ́n wo kòtò náà pẹ́. Wọ́n wọlé, wọ́n dé fìlà, wọ́n jáde. "Ẹ̀bùn ni mo pè é fún wọn," ni wọ́n wí. "Ó yá, ká lọ."

Ọ̀kadà méjì ni a gùn. Ọmọ ìlú Masifa ni ẹni tó gbé mi, kò sì dákẹ́ lójú ọ̀nà. Ó ń fi oko hàn mí bí ẹni pé òun ló ni gbogbo rẹ̀. Kaṣú ń bẹ lápá ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ lápá òsì, ọ̀nà pupa tí ọ̀gbàrá ti là láàárín. Lókè, ojú ọ̀run ti ń ṣú.

Ó ní, "Òjò yìí máa rọ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó mi lọ́kàn sókè ju gbogbo gbágungbàgun ọ̀nà lọ. Bí òjò bá bá ilẹ̀ yẹn níta, inú odò ni yóò gbé e lọ.

Bàbá Wàsíù ti darúgbó ju bí mo ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dá mi mọ̀ kí a tó sọ̀rọ̀. "Ojú mẹkáníìkì rè é," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn wọn, mo rí i: ebè tuntun ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, orí rẹ̀ dúdú bí ẹni pé iná jó o. Òkìtì tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní ìsàlẹ̀ oko, odò kékeré kan ń ṣàn, ìyàwó wọn sì wà níbẹ̀, tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú.

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Kí n tú ebè? Èmi tí mo fi ẹ̀yìn yìí kọ ọ́?" Wọ́n yíjú sí Bàbá Àbíjàn. "Ràṣídì, ìwọ lo sọ pé ilẹ̀ tó dára ni."

Bàbá Àbíjàn ṣí fìlà. Pẹ̀lú jalamíà funfun yẹn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ láàárín ebè. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. N ò mọ̀. Bí mo bá mọ̀, n ò ní fi májèlé ta yín lọ́rẹ. Ẹ forí jì mí."

Bàbá Wàsíù wò wọ́n, wọ́n wo ojú ọ̀run.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Òjò ò ní dúró de ẹ̀bẹ̀."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá Wàsíù gòkè láti odò, wọ́n fa tapólì tí wọ́n fi ń sá ẹ̀gẹ́ jáde, a tẹ́ ẹ síbi tó ga jù lóko. Àwọn aládùúgbò oko méjì tó gbọ́ ohùn wa gbé ṣọ́bìrì wá. A ha orí ebè, a ru ilẹ̀ dúdú náà sórí tapólì pẹ̀lú àwo àti apẹ̀rẹ̀. A gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ohun tó bá ṣàn má bàa dé odò. Jalamíà Bàbá Àbíjàn ti di aṣọ mẹkáníìkì. Nígbà kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, wọ́n jọ bàbá mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo sọ fún Bàbá Wàsíù pé a kì í sin irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, a máa ń tọ́jú rẹ̀ ni. Àwọn tó ń jẹ ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ń pa wọ́n, èémí sì há wọn. Kí wọ́n máa fi ìgbẹ́ adìẹ àti koríko gbígbẹ pò ó, kí wọ́n máa fi ọkọ́ yí i kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, kí wọ́n máa bomi rin ín díẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, kí wọ́n sì bò ó bí òjò bá ń bọ̀.

"Bí ẹran ọ̀sìn," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Nígbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán ńkọ́? Mo lè gbin iṣu?"

Mo ní rárá. Wọ́n lè jẹ ọ́ìlì, ṣùgbọ́n wọn kò lè jẹ òjé. Màá bu díẹ̀ lọ lónìí, màá sì tún wá bu ilẹ̀ náà lọ yẹ̀ wò, àti ilẹ̀ abẹ́ àwọn ebè tí a ha. Títí mo fi máa mú èsì dé, kí wọ́n má gbin ohun jíjẹ síbẹ̀. Ó dùn wọ́n, mo rí i lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òkúta tẹ etí tapólì kejì tí a fi bò ó ni òjò dé. A sá wọ ahéré. Ìyá Wàsíù sun iṣu, a fi epo pupa àti iyọ̀ jẹ ẹ́, òjò ń lu páànù débi pé a ní láti máa sọ̀rọ̀ sókè. Bàbá Wàsíù ń sọ nípa ògbólógbòó ọkọ̀ kan tó máa ń kó iṣu wọn lọ sọ́jà, bó ṣe kú sójú ọ̀nà nígbà kan, bàbá mi sì gun kẹ̀kẹ́ wá bá wọn láti Ẹ̀jìgbò.

"Kò kọ́kọ́ mú irinṣẹ́," ni wọ́n wí. "Ó gbé etí lé ẹ́ńjìnnì, ó ní ká tì í kó dún. Ó ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ọmọ tó ń sunkún, pé ṣé inú ló ń run ún ni àbí ebi."

Bàbá Àbíjàn ní, "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi rí." Nígbà tí òjò dá tí a jáde, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo odò. Omi rẹ̀ pupa bí omi òjò ṣe máa ń rí. Kò sí òṣùmàrè lórí rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni mo padà. Mo ra omi ọ̀rá tó ti dì bí òkúta láti fi rọ́pò yìnyín, mo to àwọn ìgò sáàárín rẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Màámi di àtíẹ́kẹ́ fún mi, wọ́n sì sìn mí dé gáréèjì. Ọ̀nà kò gùn tó ti àná. Bóyá torí mo sùn láti Ẹdẹ dé Ìkirè ni. Mo délé n'Ìbàdàn ní ọ̀sán gangan, ọkọ mi gbé kúlà, ó ní ó wúwo ju búrẹ́dì lọ.

Kíka jínómù kì í ṣe iṣẹ́ wéréwéré. A ní láti fọ okùn náà jáde kúrò nínú ilẹ̀, kí a yọ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó lè kà á, ọ́ìlì sì kórìíra kí a yọ òun kúrò. Ṣùgbọ́n ní ìkẹyìn, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà. Nínú ilẹ̀ abẹ́ koríko, àwọn tó ní irinṣẹ́ tí a fi ń gé ọ́ìlì pọ̀ lọ súà. Wọ́n wà nínú ilẹ̀ tí kò hu koríko náà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì wà nínú ti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń dúró de ìgbẹ́ adìẹ Bàbá Wàsíù.

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò wà lójú kọ̀ǹpútà. Mo ti ń wo ilẹ̀ tó bàjẹ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ síbì kan, tí a óò lọ tún ṣe. N kò rò ó rí pé ó lè dìde, kó wọ tipa, kó lọ bá ẹlòmíràn lóko ní orúkọ ẹ̀bùn. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ ṣe tán láti tẹ̀ lé e, kó sì bẹ ẹni tó bá bá níbẹ̀.

Mo pe màámi ní alẹ́ ọjọ́ tí èsì jáde. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun tíntìntín yẹn ti wà nínú ilẹ̀ kí bàbá tó dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tó nǹkan. Ọ́ìlì tí bàbá ń dà sílẹ̀ lójoojúmọ́ pa àwọn yòókù. Àwọn tó lè jẹ ẹ́ ló kù, òun ni wọ́n jẹ dàgbà, òun ni wọ́n fi bí sí i, tí wọ́n fi kún ilẹ̀.

Mo gbọ́ ìró àga tí wọ́n fà jókòó.

Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "A jẹ́ pé kì í ṣe àwa nìkan ni bàbá yín ń bọ́ níbẹ̀."